Erékùṣù tí Koríko Gbà: Bí Àwọn Olùyọ̀ǹda Ara Wọn Ṣe Dá Igbó Padà sórí Ilẹ̀ Ọ̀sìn Àtijọ́

Ẹni tí ó bá dàgbà sí ìdí oko nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ilẹ̀ tí àgbẹ̀ bá fi sílẹ̀ kì í pẹ́ di ìgbòrò, àti pé ìgbòrò tí ọkọ́ àti àdá kò bá tún kàn yóò padà di igbó níkẹyìn. Kùkùté ṣì wà nínú ilẹ̀ tí yóò rúwé, irúgbìn wà nínú erùpẹ̀ tí ó ń dúró de oòrùn, igbó ńlá kò sì jìnnà débi tí ẹyẹ àti àdán kò fi ní lè gbé èso ibẹ̀ wá. Irú ìgbàgbọ́ yìí ni àwọn tí ìtọ́jú erékùṣù kékeré kan bọ́ sí lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè New Zealand dì mú ní ọdún 1971. Wọ́n kó àwọn ẹran ọ̀sìn kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n sì dúró. Igbó kò padà. Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà, ibi tí ó ti yọrí sí rere àti ibi tí ó ti gba àtúnṣe, ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbèrò láti kó èrò jọ lọ gbin igi sórí ilẹ̀ tí ó ti pá. N kò ní dárúkọ erékùṣù náà tàbí àwọn ènìyàn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí pé bí iṣẹ́ náà ṣe rìn ni ó wúlò fún wa jù.

Erékùṣù náà wà nínú omi tí wọ́n ń pè ní Hauraki Gulf, ní nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlú Auckland, ṣùgbọ́n kò ju bíi kìlómítà mẹ́rin lọ sí etí ilẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù lọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 220 hẹ́kítà. Àwọn Māori, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ New Zealand, ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, ojú ibi tí odi wọn wà láyé àtijọ́ ṣì hàn lórí òkè títí di òní. Nígbà tí ó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹran níbẹ̀, ìjọba sì kọ́ ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi kan sí orí rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ tan iná rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1865. Fún nǹkan bí 120 ọdún ni wọ́n fi ń gé igi, tí wọ́n ń dáná sungbó, tí àwọn ẹran sì ń jẹ ohunkóhun tí ó bá tún yọ orí. Nígbà tí wọn kò tún ìwé àdéhùn ọ̀sìn náà ṣe mọ́ ní 1971, nǹkan bí ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún igbó àdáyébá ilẹ̀ náà ti lọ. Ìwọ̀nba tí ó kù sá pamọ́ sínú àwọn kòtò àti àfonífojì díẹ̀, níbi tí ẹran kò ti lè dé pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Àǹfààní kan ṣoṣo wà tí ó pọ̀ ju gbogbo àdánù yìí lọ. Àwọn ẹranko apẹyẹ-jẹ tí àwọn òyìnbó kó wọ New Zealand, tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ẹyẹ ibẹ̀ run lórí ilẹ̀ ńlá, kò fìdí múlẹ̀ lórí erékùṣù náà. Irú eku kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ìyẹn kiore, eku kékeré tí ó bá ọkọ̀ àwọn Māori wá láyé àtijọ́. Àwọn tí ó ń bójú tó ilẹ̀ náà rò pé níwọ̀n ìgbà tí àgùntàn àti màlúù bá ti lọ, ilẹ̀ yóò wo ara rẹ̀ sàn. Ní ọdún 1974 wọ́n tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹyẹ ayékòótọ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kākāriki lọ síbẹ̀.

Kí ni kò jẹ́ kí igbó padà? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò igi gbígbìn ni kì í bèèrè rẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹran wà níbẹ̀, ẹnu wọn ni ó ń mú kí koríko kúrú. Nígbà tí ẹran lọ, koríko òyìnbó tí àwọn ọlọ́sìn ti gbìn ga sókè, ó sì wó lé ara rẹ̀ lórí bí ẹní tí a tẹ́ lérí ẹní. Lápá ibòmíràn, ewéko kan tí wọ́n ń pè ní bracken gba ilẹ̀ kan. Irúgbìn igi tí ó bá já bọ́ sórí koríko bẹ́ẹ̀ kì í fojú kan erùpẹ̀; èyí tí ó bá sì rí erùpẹ̀, tí ó hù, kì í rí oòrùn kí ó tó kú. Àgbẹ̀ tí ẹ̀kan ti gba oko rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ: irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìgbòrò tí ó ń lọ sí ọ̀nà igbó, ilẹ̀ tí koríko ti tì pa ni. Yàtọ̀ sí èyí, kùkùté tí ó lè rúwé kò sí mọ́ lẹ́yìn 120 ọdún, àwọn igi ìyá tí ó lè so èso kò tó nǹkan, wọ́n sì jìnnà síra. Èso díẹ̀ tí ó wà náà, eku kiore ń jẹ ẹ́ kí ó tó hù. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi dúró, ohun tí ojú wọn sì rí ni pé ìdúró náà lè gba ìran púpọ̀.

Àwọn olùkọ́ méjì láti Yunifásítì Auckland, tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí ẹyẹ àti ewéko erékùṣù náà, ni wọ́n gbé àbá kan kalẹ̀. Apá kìíní àbá náà ni pé kí a gbin igi fúnra wa dípò kí a máa dúró. Apá kejì ni ó ṣòro fún àwọn kan láti gbà. Ní New Zealand nígbà náà, bí erékùṣù kan bá di ibi ààbò fún ẹyẹ tí ó ṣọ̀wọ́n, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ti tì nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó lè dé ibẹ̀. Àbá tuntun náà sọ pé kí a ṣí erékùṣù yìí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn: kí ọmọ ilé-ìwé, òṣìṣẹ́ báńkì, ìyá àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì, gbogbo wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbin igi, kí wọ́n sì lè padà wá wo ẹyẹ tí yóò bà lé e. Ìbẹ̀rù tí ó wà nílẹ̀ kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Èèyàn ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, èèyàn ń gbé irúgbìn èpò wá nínú bàtà, eku sì lè sá pamọ́ sínú ẹrù. Síbẹ̀, ilẹ̀ náà súnmọ́ ìlú ńlá, owó ìjọba kò sì lè san owó iṣẹ́ náà láé. Lójú tèmi, ìpinnu láti ṣí ìlẹ̀kùn yìí ni ìkóríta tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ìtàn náà, nítorí pé gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dá lórí rẹ̀.

Nọ́sìrì, ìyẹn ibi tí a ti ń tọ́ ọmọ igi, ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lórí erékùṣù fúnra rẹ̀. Kíkó ọmọ igi wá láti òde ì bá rọrùn, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tí ó bá bá a wá lè gbé kòkòrò, èèrà àti èpò dé. Púpọ̀ nínú èso tí wọ́n gbìn sínú nọ́sìrì náà ni wọ́n ṣà lábẹ́ àwọn igi tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn àfonífojì, kí ọmọ igi lè jẹ́ ìran àwọn igi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ibẹ̀ ti dán wò. Ẹni tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ jù ni olùtọ́jú ilé iná tí ó kẹ́yìn. Ní ọdún 1984 ni wọ́n sọ iná náà di èyí tí ń tan ara rẹ̀, tí kò sì nílò olùtọ́jú mọ́. Dípò kí ọkùnrin yìí bá ẹrù rẹ̀ lọ, ó dúró, ó di alágbàtọ́ ọmọ igi. Mo ka èyí sí ẹ̀kọ́ ńlá. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, tí ó mọ apá ibi tí ìjì ti ń wá àti ibi tí omi ti ń dúró, wúlò ju ẹni tí ó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú máàpù lọ.

Ọdún 1984 kan náà ni gbígbìn bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ títí di 1994. Àkókò òtútù wọn, tí ó bọ́ sí àárín ọdún, ni wọ́n fi ń gbìn, nítorí pé òjò ń rọ̀ nígbà náà, ọmọ igi yóò sì ti ta gbòǹgbò kí ọ̀dá ìgbà ooru tó dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá: ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò orí òkè, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ ẹyẹ, àwọn ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú olùkọ́ wọn, ìdílé pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́. Wọ́n ń gun òkè pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n ń gbẹ́ ihò sínú koríko, wọ́n ń ki ọmọ igi sínú rẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn. Láàárín ọdún mẹ́wàá náà wọ́n gbin igi tí ó tó 250,000 sí 300,000 sórí nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó tó nǹkan bí 2,000 igi lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan, tí ó túmọ̀ sí pé igi kan kò fi ju bíi mítà méjì jìnnà sí èkejì. Ìfúnpọ̀ yìí ní ìdí: ohun tí ń pa koríko ni òjìji, òjìji kò sì lè tètè dé bí àwọn igi bá jìnnà síra wọn.

Ní ọdún 1988 àwọn tí ó ti ń wá gbin igi kóra jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ ìwé àti ìpàdé lásán ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ni ó sọ ìfẹ́ ọjọ́ kan di ìfẹ́ tí ó ní àdírẹ́sì. Nígbà tí gbígbìn parí, ọmọ ẹgbẹ́ kò túká. Wọ́n di amọ̀nà fún àlejò, wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, wọ́n ń fa èpò tu, wọ́n ń wá owó láti kó ẹyẹ mìíràn wá.

Igi tí wọ́n gbìn jù lọ, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀, ni pōhutukawa. Igi etí òkun ni. Iyọ̀ kò pa á, ìjì kò tètè wó o, ó fẹ́ràn oòrùn gbangba, òdòdó pupa rẹ̀ sì máa ń bo etí omi nígbà ọdún Kérésìmesì. Èrò wọn ni pé yóò jẹ́ igi aṣáájú: yóò ṣíji bo koríko, yóò dá atẹ́gùn dúró, lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn igi tí ó fẹ́ràn òjìji yóò sì ti máa hù. Ẹni tí ó bá ti gbin igi sí gbangba rí máa ń retí pé púpọ̀ yóò kú, nítorí náà ni ó ṣe ń gbìn ún púpọ̀. Lórí erékùṣù yìí, pōhutukawa yè ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Láàárín ọdún mélòó kan orí wọn pàdé lókè, ó sì ṣú dùdù nísàlẹ̀. Koríko kú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n lápá ibi tí wọ́n ti gbin pōhutukawa nìkan, ohun mìíràn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè hù pẹ̀lú. Ewé gbígbẹ nìkan ni ó wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní níbẹ̀ jẹ́ oko igi. Igbó ní ìpele, ó ní àgbà àti ọmọdé, ó ní ohun tí ó ń so lóṣù yìí àti ohun tí yóò so lóṣù tí ń bọ̀. Wọ́n ní láti padà lọ ṣe ohun tí ó dun ọwọ́ àwọn tí ó gbin igi náà, ìyẹn ni kí wọ́n dín àwọn kan kù kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí wọ́n sì kó oríṣìíríṣìí igi mìíràn wọ abẹ́ àwọn tí ó kù.

Mi ò fi èyí dá wọn lẹ́bi. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ìbá fi kọ́gbọ́n. Àmọ́ ó yẹ kí àwa tí a ń bọ̀ lẹ́yìn fi sọ́kàn pé igi tí ó yè jù lè di ìṣòro bí èyí tí ó kú, àti pé iye igi tí ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan kò lè sọ fún wa bóyá igbó ń bọ̀. Ìròyìn tí ó kún fún iye ọmọ igi tí a gbìn, tí kò sọ irú igi tí ó ń hù fúnra rẹ̀ lábẹ́ wọn, kò tíì ròyìn nǹkan kan.

Ìkóríta mìíràn dé ní ọdún 1993. Nígbà yẹn àwọn igi ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, ẹyẹ mélòó kan sì ti dé: tīeke ní 1984, pōpokatea ní 1989, takahē, ẹyẹ ńlá aláwọ̀ búlúù tí kò lè fò, ní 1991. Ṣùgbọ́n eku kiore ṣì ń jẹ èso àti ọmọ igi tuntun. Wọ́n pinnu láti fi ọkọ̀ òfúrufú fọ́n oògùn eku ká gbogbo erékùṣù náà, wọ́n sì ṣe é ní ọdún náà. Kò sí ìdajì nínú irú iṣẹ́ yìí. Bí eku méjì bá ṣẹ́kù, akọ àti abo, àsán ni gbogbo rẹ̀. Ó ná wọn ní nǹkan, nítorí pé àwọn ẹyẹ kan tí oògùn náà kò tọ́ sí, pàápàá pūkeko, kú nínú rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí kò fẹ́ kí a mẹ́nu kan apá yìí, kí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn má baà sá. Èmi gbà pé ó yẹ kí a sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kí ẹni tí yóò lọ lè lọ, kí ẹni tí yóò dúró sì dúró pẹ̀lú ojú ṣíṣí. Eku náà kò ṣẹ́ kù. Láti ìgbà náà, èso tí ó bá bọ́ sílẹ̀ lè hù, ohun tí ọwọ́ ènìyàn kò gbìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Bí igbó náà ṣe ń ga, wọ́n rí i pé ọjọ́ orí jẹ́ ohun tí a kò lè fi ṣọ́bìrì gbìn. Hihi, ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n kó wá ní 1995, máa ń yé ẹyin sínú ihò ara igi. Igi ọdún mẹ́wàá kò ní ihò. Òdòdó tí ó ní omi dídùn nínú kò sì tíì pọ̀ tó jálẹ̀ ọdún. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn kan àpótí onígi mọ́ ara igi fún un láti máa yé sí, wọ́n sì ń po omi ṣúgà sínú ìkòkò tí wọ́n gbé kọ́ káàkiri. Títí di òní ni wọ́n ń ṣe é. Àpótí náà ń gba ìtọ́jú, omi ṣúgà náà ń gba ìpààrọ̀, ìkòkò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ kí àìsàn má baà ran àwọn ẹyẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ taraire àti àwọn igi eléso ńlá mìíràn: ẹyẹlé igbó tí wọ́n ń pè ní kererū nìkan ni ó kù tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbà láti gbé èso wọn mì, kí ó sì gbé e lọ síbòmíràn. Níbi tí kererū kò bá ti pọ̀, ọwọ́ ènìyàn ni yóò ṣì máa ṣe iṣẹ́ ẹyẹ náà.

Wọn kò gbin igi sí gbogbo ilẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe pinnu rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi sílẹ̀ ní koríko. Takahē ń jẹ koríko. Odi àwọn Māori àtijọ́ wà níbẹ̀, gbòǹgbò igi ì bá sì tú u ká. Àlejò náà sì nílò ibi tí ó ti lè rí òkun. Ní àwọn ilé iṣẹ́ wa, ilẹ̀ tí a kò gbin nǹkan sí máa ń dà bí iṣẹ́ tí a kò parí, ó sì máa ń wu olórí ètò láti fi igi kún un kí iye rẹ̀ lè ga nínú ìwé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ilẹ̀ tí yóò dá sí sọ́tọ̀, kí ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, kí àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn má baà fi ìtara ọjọ́ kan pa á rẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ohun tí màá kọ́kọ́ ṣe lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, màá ní kí a lọ kúnlẹ̀ ti koríko, kí a fi ọwọ́ là á, kí a wo ohun tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, kí a sì mọ ohun tí ń jẹ èso níbẹ̀ lóru. Níbi tí igi ìyá bá ṣì pọ̀, tí ọmọ igi sì ń yọ fúnra rẹ̀, ọgbà tí kò jẹ́ kí ẹran wọlé lè tó, owó nọ́sìrì yóò sì jẹ́ àṣedànù. Níbi tí ó bá rí bí ti erékùṣù yìí, a kò gbọ́dọ̀ fi ọdún mẹ́wàá dúró kí a tó gbà pé kò ní padà. Màá sì dá igi aṣáájú pọ̀ mọ́ oríṣi mìíràn láti ọjọ́ kìíní, kódà bí oríṣi mìíràn náà bá máa kú púpọ̀, nítorí pé ó rọrùn láti fi òmíràn rọ́pò ọmọ igi tí ó kú ju láti gé igi tí ọmọ ilé-ìwé kan gbìn lọ.

Ìbẹ̀rù àwọn tí kò fẹ́ kí a ṣí ìlẹ̀kùn kò tíì lọ. Ní ọdún 2000 wọ́n rí èèrà Argentina lórí erékùṣù náà, èèrà tí ń lé àwọn kòkòrò mìíràn kúrò tí ó sì lè da ẹyẹ láàmú nínú ìtẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi lépa á pẹ̀lú oògùn. Nítorí náà, kí àlejò tó wọ ọkọ̀, wọ́n ń ní kí ó tú àpò rẹ̀ wò bóyá èèrà tàbí eku wà nínú rẹ̀, kí ó fọ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ kí irúgbìn èpò má bá a lọ. Àwọn tí ó sì ń pàdé rẹ̀ ní èbúté òdìkejì, tí wọ́n ń mú un gba abẹ́ àwọn igi náà kọjá, jẹ́ olùyọ̀ǹda ara wọn, tí àwọn kan nínú wọn gbin igi níbẹ̀ nígbà tí gbogbo òkè náà ṣì jẹ́ koríko.